Bí a ṣe ń pààrọ̀ brain box Toyota tòkunbọ̀, tí a sì ń mú un mọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò

Corolla ọdún 2005 sí 2008 kún ojú títì wa. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, àwọn kan gba èbúté Èkó wọlé, àwọn mìíràn gba Kùtọnu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà pé kí àwọn tó ni Corolla àti Matrix ọdún wọ̀nyí, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, gbé mọ́tò wọn wá nítorí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì àti gíà. Mọ́tò tọ́rọ̀ náà kàn lé ní mílíọ̀nù kan. Òjé tí wọ́n fi lẹ àwọn èròjà mọ́ pátákó inú rẹ̀ lè sán, tàbí kí èròjà kékeré tó ń gbà á lọ́wọ́ iná àpọ̀jù là. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, iná check engine á tàn, gíà á máa já wọlé gbì, mọ́tò lè kọ̀ láti mú, ó sì lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ lórí eré. Mọ́tò tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á, tó kọjá lọ́wọ́ alágbàtà méjì mẹ́ta kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, lè dé ọ̀dọ̀ wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan brain box náà.

Nítorí náà, òótọ́ ni pé brain box ń bàjẹ́. Àmọ́ ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń sọ pé ó ti kú kò kú. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí áàtì rẹ̀, wáyà tó so ó mọ́ irin ara mọ́tò, ló ti dípẹtà. Onímọ́tò á san owó ńlá, wọ́n á gbé òmíràn wọlé, mọ́tò kò ní mú síbẹ̀, wọ́n á wá ní kó lọ ra ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fi dá lórí àyẹ̀wò. Ẹ̀yin riwáyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àti ẹ̀yin onímọ́tò tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí mọ́tò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo apá àkọ́kọ́.

1. Ṣé brain box ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí brain box ló ń tàn án. Bí kò bá tàn, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹni tó ta mọ́tò fún yín kò yọ iná náà tàbí kó bò ó, torí àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná náà bá wà níbẹ̀ tí kò tàn, ohun mẹ́ta ni ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó pe brain box ní òkú: iná tó ń wọ inú rẹ̀, áàtì rẹ̀, àti volt 5 tó ń fún àwọn sẹ́ńsọ̀.

Ọ̀dọ̀ bátìrì ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, bátìrì tó pé máa ń wà ní nǹkan bíi volt 12.6. Bí ẹ bá ń sítáàtì, kò yẹ kó já sísàlẹ̀ volt 9.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, volt 13.5 sí 14.5 ló dára. Bátìrì tó ń já sí volt 8 nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì lè mú kí brain box máa kú kó máa jí, ẹni tí kò bá gbé mítà á sì bú brain box.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí àpótí fíúùsì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá fíúùsì EFI àti rílè EFI (swíìṣì oníná tó ń gbé iná fún brain box), orúkọ wọn wà lára ìdérí àpótí náà. Fíúùsì tó bá ti jó, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi wáyà dì í láéláé, torí wáyà tí wọ́n dì sínú ihò fíúùsì ti pa brain box tí kò ṣẹ̀. Ní ti rílè, ẹ yọ irú rẹ̀ kan láti inú àpótí kan náà, kí ẹ fi í dán an wò.

Bí wọ́n bá pé, ẹ wá lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box fúnra rẹ̀. Nínú àwòrán wáyà Toyota, ẹ ó rí àwọn orúkọ wọ̀nyí. BATT gbọ́dọ̀ ní volt 12 ní gbogbo ìgbà, kódà bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí nínú mọ́tò. IGSW gbọ́dọ̀ ní i bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní ON. Láti ọ̀dọ̀ rílè EFI ni iná +B ti ń wá, òun náà gbọ́dọ̀ ní volt 12 ní ON. E1 ni áàtì. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí E1, èkejì sí orí negative bátìrì, kọ́kọ́rọ́ ní ON. Bí mítà bá fi ohun tó ju volt 0.1 lọ hàn, áàtì yẹn kò mọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ara mọ́tò, ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà họ ọ́ títí irin á fi mọ́, kí ẹ sì dè é padà kó le. Mọ́tò tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n gbàgbé wáyà áàtì kan síbì kan.

Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan irin inú rẹ̀. Ẹ má gún wáyà lára. Ojú ihò yẹn ni omi ń gbà wọlé nígbà òjò, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wáyà á jẹrà nínú rọ́bà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Volt 5 ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. VC ni Toyota ń pe wáyà tí brain box fi ń fún àwọn sẹ́ńsọ̀ ní iná. Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá bàjẹ́ tó fa VC mọ́ áàtì, iná check engine kò ní tàn, ẹ̀rọ sikáànì tí wọ́n fi ń ka kóòdù àṣìṣe kò ní rí mọ́tò, ẹ́ńjìnnì á máa yí lásán. Àmì òkú brain box pátá nìwọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló fà á. Kọ́kọ́rọ́ ní ON, ẹ máa yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń lo volt 5 lọ́kọ̀ọ̀kan: ti throttle (ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), ti pẹ́dálì epo, àti èyí tó ń wọn èéfín táǹkì epo, tí wọ́n máa ń gbàgbé torí pé kò sí níwájú. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan tí iná check engine sì tàn lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú ọ̀daràn. Brain box yín yè.

Bí ẹ̀rọ sikáànì bá rí mọ́tò, ẹ ka kóòdù. P0601, P0604, P0605 àti P0606 ń sọ̀rọ̀ nípa inú brain box fúnra rẹ̀. U0100 yàtọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú mọ́tò kò gbọ́ ohùn brain box, wáyà tó já lè fa ìyẹn náà. Ẹ̀yin tó ní RAV4 ọdún 2001 sí 2003, bí gíà bá ń já wọlé gbì, tí ẹ sì rí P0750, P0753, P0755, P0758 tàbí P1760, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ brain box wò kí wọ́n tó sọ gíà yín kalẹ̀. Ìṣòro tí wọ́n mọ̀ mọ RAV4 yẹn nìyẹn.

2. Kí ló pa á?

Ká ní àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti kú lóòótọ́. Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ohun tó pa ti àkọ́kọ́, bó bá ṣì wà nínú mọ́tò, á pa èkejì.

Ẹ wọn àwọn nozzle tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Lórí ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, ohm 13.4 sí 14.2 ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bó bá tutù. Ooru tiwa lè gbé e ga díẹ̀, ìyẹn kò burú, àmọ́ èyí tó bá já sí ohm 2 tàbí 3 ti jó nínú, á sì fa iná àpọ̀jù gba inú brain box. Ẹ wọn solenoid S1 àti S2, àwọn fáàfù oníná tó ń pààrọ̀ gíà, bákan náà, ohm 11 sí 15 ni. Ẹ wo bóyá alternator ń gbé iná tó ju volt 15 lọ. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ èrò iwájú sókè, kí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ bóyá ó tutù, torí bí ewé bá dí ibi tí omi ń gbà jáde lábẹ́ gíláàsì iwájú, inú mọ́tò lomi máa ń já sí.

Ẹ tún bi onímọ́tò léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ṣé wọ́n fi bátìrì mọ́tò mìíràn jí i, tí wọ́n sì fi positive kan negative? Ṣé wẹ́dà jó irin lára rẹ̀ láìtú ẹnu bátìrì? Ṣé wọ́n fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì? Ìdáhùn sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí máa ń tó.

3. Rírà á

Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni ẹ ó fi rà á, kì í ṣe orúkọ mọ́tò. Lára ọ̀pọ̀ brain box Toyota, ẹ ó rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661 tàbí 89666, tí nọ́ńbà àti lẹ́tà márùn-ún mìíràn sì tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu títí dé èyí tó kẹ́yìn. Corolla méjì lè jẹ́ ọdún kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ gíà ọlọ́wọ́, kí èkejì jẹ́ aládàáṣiṣẹ́, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì jọra, síbẹ̀ kí brain box wọn má bára mu. Èyí tó wá láti Yúróòpù kò bá ti Amẹ́ríkà mu. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tiyín kí ẹ tó lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Àràròmí ní Gate ní Ìbàdàn.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo àwọn síkúrù rẹ̀. Bí ojú wọn bá ti ní ọgbẹ́, tàbí tí gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ kò dọ́gba, ẹnìkan ti ṣí i rí. Ẹ wo àwọn irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti dà bí àwọ̀ ewé tàbí funfun, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ẹ lè dá a padà bí kò bá ṣiṣẹ́, pẹ̀lú iye ọjọ́. Bí ẹ bá lè rí i rà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti àpótí immobilizer (ohun tí kì í jẹ́ kí mọ́tò mú bí kọ́kọ́rọ́ kò bá jẹ́ tirẹ̀) mọ́tò tó ti wá, àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ló rọrùn jù láti fi ṣiṣẹ́.

Ní ti Corolla àti Matrix 2005 sí 2008, èrò mi nìyí: ẹ má kánjú ra tòkunbọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ ń rà lè ní àìsàn kan náà tó pa tiyín. Bí ẹ bá mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ pátákó iná dáadáa, kí ó tún òjé inú tiyín ṣe dára ju kí ẹ ra arúgbó mìíràn lọ, ẹ ò sì ní nílò ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ rárá.

4. Ṣé mọ́tò yín ní immobilizer?

Èyí ló máa sọ bóyá iṣẹ́ yín á parí láàárín wákàtí kan tàbí á di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iná pupa kékeré kan bá ń ṣẹ́jú, immobilizer wà. Ẹ tún wo ara irin kọ́kọ́rọ́ nítòsí orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tóótó tàbí lẹ́tà G níbẹ̀, ṣíìpù wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ náà. Púpọ̀ nínú Corolla Amẹ́ríkà ìgbà yẹn kò ní immobilizer, irú wọn kò nílò ju kí ẹ ki brain box tí nọ́ńbà rẹ̀ bára mu bọ̀ ọ́, kí ẹ sì sítáàtì.

5. Yíyọ àti fífi sí i

Ẹ tú negative bátìrì, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ibí títí ẹ ó fi parí, ẹ máa fọwọ́ kan irin ara mọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ kan brain box, torí iná tó wà lára ènìyàn tó láti ba pátákó inú rẹ̀ jẹ́.

Lórí Toyota kan, ẹ̀yìn pigeonhole ló wà. Lórí òmíràn, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ tẹ̀ lé ìdì wáyà tó nípọn jù, á mú yín débẹ̀. Sípánà 10 ló máa ń tú u. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ohun ìdè tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ tàbí gbé sókè kí ó tó jáde, ẹ má fi agbára fà á. Kí ẹ tó ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ tuntun, ẹ fi iná wo inú rẹ̀ bóyá irin kan ti tẹ̀. Ẹ kì í títí ẹ ó fi gbọ́ tí ìdè náà dún kọ́. Ẹ dè é padà sára irin tó ti wà, torí irin yẹn ló ń gba ooru rẹ̀.

6. Mímú un mọ kọ́kọ́rọ́

Ẹ mú ìwé mọ́tò yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ń lọ bá ẹni tó máa ṣe é. Ẹni tó bá gbà láti ṣiṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ láìbéèrè ìwé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà dá lórí ibi tí Toyota gbé immobilizer sí. Nínú mọ́tò kan, àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ní, brain box kàn ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yín kò ní ìṣòro kankan, kí àpótí méjèèjì mọra ni iṣẹ́ yín. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì sikáànì tó wà lábẹ́ ìdarí mọ́tò, ihò 16 ló ní. Ìlà òkè tó gùn jù bẹ̀rẹ̀ láti 1 lápá òsì títí dé 8. Ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ 9 sí 16. Ẹ fi wáyà kékeré so ihò 4 pọ̀ mọ́ ihò 13. Toyota ń pe 4 ní CG, ó ń pe 13 ní TC. Ihò 13 ni ìkarùn-ún lára ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ ka ihò náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó so ó, torí iná bátìrì tààrà ló wà nínú ihò 16.

Ẹ pa AC, rédíò àti gbogbo iná. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Iná check engine àti ti ABS á máa ṣẹ́jú, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín, bí wáyà yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn. Bátìrì gbọ́dọ̀ lágbára tó láti gbé e. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ so bátìrì kejì mọ́ ọn, positive sí positive, negative sí negative. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà, kí ẹ wá sítáàtì.

Bó bá jẹ́ pé inú brain box gan-an ni immobilizer wà, ó yàtọ̀. Tuntun tó ti ọwọ́ Toyota wá máa ń gba kọ́kọ́rọ́ wọlé fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àgbà, èyí tí ẹ fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ni kí ẹ kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa wo iná pupa títí ó fi fi hàn pé ó ti gbà á, kí ẹ tó ki èkejì. Tòkunbọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí wọ́n ti yọ ọ́ ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ bá fi tiyín sítáàtì, ẹ́ńjìnnì lè mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì kó sì kú, tàbí kó má mú rárá. Èyí kì í ṣe àmì pé wọ́n ta èyí tó bàjẹ́ fún yín.

Orí pátákó inú rẹ̀ ni ṣíìpù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan wà, nínú ọ̀pọ̀ Toyota ó jẹ́ ẹbí 93C56 tàbí 93C66. Òun ló ń rántí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ka ohun tó wà nínú ti àtijọ́, á sì kọ ọ́ sínú tòkunbọ̀ náà, tàbí kó gbé ṣíìpù náà fúnra rẹ̀ láti inú èyí bọ́ sínú ìyẹn. Ẹ ní kó kọ́kọ́ ka méjèèjì, kó tọ́jú wọn sínú kọ̀ǹpútà, kó tó kọ ohunkóhun. Bí ọwọ́ bá ṣì í lẹ́yìn náà, ọ̀nà àtipadà wà. Bí ẹ kò bá ní ti àtijọ́ mọ́, tàbí ṣíìpù inú rẹ̀ ti jó, wọ́n á ní láti sọ ti tòkunbọ̀ di òfìfo kó lè gba kọ́kọ́rọ́ yín bíi tuntun.

Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n bá fi ń kọ nǹkan sínú brain box gbọ́dọ̀ ní bátìrì tó pé. Iná ìjọba lè lọ nígbàkigbà, bó bá sì lọ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́, brain box lè kú pátápátá.

7. Ìparí iṣẹ́

Ẹ fi Techstream, ètò kọ̀ǹpútà Toyota, kọ VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò yín, sínú brain box tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 ni, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Bí VIN kò bá sí nínú rẹ̀, mọ́tò lè ṣiṣẹ́, àmọ́ kóòdù P0630 lè máa jáde. Bí Techstream bá fi àyè sílẹ̀ láti pa ìrántí gíà rẹ́ lórí mọ́tò yín, ẹ ṣe é.

Ẹ wá sítáàtì, ẹ má fẹsẹ̀ kan epo, kí ẹ jẹ́ kó gbóná títí fáànù omi á fi ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdúró ẹ́ńjìnnì (bó ṣe ń yí nígbà tí ẹ kò tẹ epo) lè ga tàbí kó máa lọ sókè sódò, brain box ṣì ń kọ́ throttle ni. Lẹ́yìn náà ẹ wà á jáde. Ẹ máa tẹ epo díẹ̀díẹ̀, kí gíà lè wọlé láti ìkíní títí dé èyí tó ga jù, ẹ dúró, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Gíà tó ń já díẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ lè rọ̀. Èyí tó bá ṣì ń já lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ padà sórí solenoid tí ẹ wọ̀n ní apá kejì.

Ẹ sikáànì mọ́tò lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kódà bí iná check engine kò bá tàn, torí kóòdù kan lè ti wà nílẹ̀ kó tó dé orí iná. Brain box àtijọ́ náà, ẹ gbé e sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Ìrántí kọ́kọ́rọ́ yín wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì nílò rẹ̀ bí nǹkan bá ṣe èyí tó wà nínú mọ́tò.